Kí Ni À Ń Ṣí Sílẹ̀ Gan-an? Àlàyé Lórí Ẹ̀kọ́ Tó Ṣí Sílẹ̀ ní Yunifásítì Iṣẹ́ Ọnà

Ẹ wo ìkòkò kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbi ìpàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gboyè jáde. Ara rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó ń dán. Káàdì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ orúkọ ẹni tó mọ ọ́n àti ọdún, ó sì tán síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nípa amọ̀ á fura pé bàbà ló mú àwọ̀ yẹn wá. Bàbà kan náà yìí, bí afẹ́fẹ́ bá ń wọ inú iná dáadáa, àwọ̀ ewé ló máa ń bí. Ìgbà tí wọ́n bá dín afẹ́fẹ́ kù nínú iná ló máa ń pọ́n, nígbà mìíràn ó sì lè ṣókùnkùn bí ẹ̀dọ̀, kó má wu ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ba ogún àwẹ́ amọ̀ àyẹ̀wò jẹ́ kó tó rí èyí tó wù ú. Níbo ni ogún ọ̀hún wà? Wọ́n ti dà wọ́n nù. Ìwé tó ń kọ ìwọ̀n àti bí iná ṣe rí sí ńkọ́? Ó wà nínú àpò rẹ̀, ó ń bá a lọ sílé. Lọ́dún tó ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á wọlé, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ba ogún tirẹ̀ jẹ́ láti orí ẹyọ kan.

Ìkòkò yìí ni kí ẹ máa fọkàn wò bá a ṣe ń bọ̀, torí òun gan-an lọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bí àwọn aláṣẹ yunifásítì iṣẹ́ ọnà bá ti sọ pé àwọn fẹ́ kí ẹ̀kọ́ ṣí sílẹ̀, ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ kí àwọn da gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó bá wù wá kó o lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á ní wọ́n á jí iṣẹ́ òun. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀rù yẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni wọ́n dì pọ̀ sínú ẹrù kan, ẹ jẹ́ ká tú u.

Ọ̀fẹ́, orí ayélujára, ṣíṣí

Ọ̀fẹ́ ni ohun tá ò sanwó ká tó rí i. Ẹ lè wo fídíò kan lórí YouTube láìná kọ́bọ̀, síbẹ̀ kí ẹ má lẹ́tọ̀ọ́ láti gé e, láti fi èdè yín sọ̀rọ̀ lé e lórí, tàbí láti fi apá kan rẹ̀ kún ẹ̀kọ́ tiyín. Ẹni tó ni ín lè yọ ọ́ lọ́la, kó pòórá mọ́ yín lójú.

Orí ayélujára, tàbí ẹ̀kọ́ dígítà, ń sọ ibi tí ẹ̀kọ́ ti ń wáyé àti irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe é, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí yunifásítì ń fi kọ́ni lórí kọ̀ǹpútà ló wà lẹ́yìn páásìwọ́ọ̀dù, nínú àwọn ìkànnì ẹ̀kọ́ bíi Moodle àti Blackboard. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gboyè jáde, kí oṣù mélòó kan kọjá, ilẹ̀kùn á tì mọ́ ọn lẹ́yìn. Gbogbo ohun tó fi ọdún mẹ́ta kà níbẹ̀, kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Dígítà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣí rárá.

Ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan ṣí ni àṣẹ tí ẹni tó ni ín ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, tí ẹlòmíràn kò fi ní máa wá a kiri láti tọrọ ààyè. David Wiley, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, kó àṣẹ yìí sí márùn-ún: kí èèyàn lè ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́, kó lò ó, kó tún un ṣe, kó lú u pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Mẹ́rin ni wọ́n nígbà tó kọ́kọ́ kà wọ́n. Ọdún 2014 ló fi ti níní ẹ̀dà lọ́wọ́ kún un. Lójú tèmi, òun ló ṣe pàtàkì jù. Ní Ìlú Ọba, wọ́n ní ibi ìkópamọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Jorum, níbi tí àwọn olùkọ́ yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ń kó ohun èlò ẹ̀kọ́ tó ṣí sílẹ̀ sí. Ọdún 2016 ni wọ́n tì í pa. Ẹni tó ní ẹ̀dà tirẹ̀ nílé kò pàdánù nǹkan kan. Ẹni tó gbára lé líǹkì nìkan, ojú ẹ̀ ló rí i.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Lọ́dún 2001 ni yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé òun máa gbé ohun èlò ẹ̀kọ́ òun síta fún gbogbo ayé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìpàdé kan tí UNESCO pè ní Paris fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, ìyẹn ohun èlò ẹ̀kọ́ tó ṣí sílẹ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2002 yẹn náà ni Creative Commons, àjọ kan tó ń kọ ìwé àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè fi sára iṣẹ́ rẹ̀, gbé àwọn ìwé àṣẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú UNESCO fọwọ́ sí ìmọ̀ràn kan pé kí ìjọba máa ṣe ìtìlẹ́yìn fún un.

Ohun èlò kan kò tíì di ìṣe, kẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń rú àwọn èèyàn lójú nìyẹn. Ohun èlò ni fídíò, ìwé, àwòrán, fáìlì. Ìṣe ni ọ̀nà tí olùkọ́ gbà ń kọ́ni nígbà tó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀kọ́ òun kò ní máa tì. Wiley yìí kan náà ló tọ́ka sí irú iṣẹ́ àṣetiléwá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń forí ṣe, tí olùkọ́ kan ṣoṣo ń kà, tó ń fún un ní máàkì, tí ayé sì gbàgbé ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ti jókòó ti ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ mọ bó ṣe ń rẹ èèyàn. Èyí tó yàtọ̀ sí i ni irú iṣẹ́ tó máa wúlò fún ẹni tí kò sí nínú kíláàsì yẹn. Láti ọdún 2014 ni ẹgbẹ́ Art+Feminism ti ń kó àwọn èèyàn jọ láti kọ nípa àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà sórí Wikipedia, torí ìtàn wọn kò pọ̀ tó níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà tó bá jókòó sírú ìpàdé bẹ́ẹ̀, tó wá orísun tó dájú, tó kọ ìpínrọ̀ mẹ́rin nípa ayàwòrán kan tí ayé ti gbàgbé, tí àjèjì kan sì bi í pé níbo lo ti rí èyí, ó ti kọ́ nípa ẹ̀rí ju ẹni tó kọ ojú ewé mẹ́wàá fún olùkọ́ rẹ̀ nìkan lọ.

Ìdí tí ti iṣẹ́ ọnà fi yàtọ̀

Ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò tàbí ti òfin, olùkọ́ lè gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ síta, kí ẹni tó kà á sì rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń kọ́ wọn. Ní yunifásítì iṣẹ́ ọnà, inú ìwé kọ́ ni ẹ̀kọ́ ń gbé. Ó ń gbé ọwọ́, ó ń gbé ojú, ó ń gbé ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ níwájú iṣẹ́ tí kò tíì parí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà fi wo ètò yìí, tí wọ́n ní kò kan àwọn. Wọ́n ń wá ìwé tí wọ́n máa ṣí, wọn ò rí i.

Ohun tí wọ́n ní láti ṣí ni ogún àwẹ́ amọ̀ tó bàjẹ́ yẹn. Àwòrán ìkòkò pupa tó parí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan ju pé ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá to àwẹ́ ogún náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ya àwòrán wọn, tí wọ́n kọ ìwọ̀n bàbà, bí iná ṣe gbóná tó àti ìgbà tí wọ́n dín afẹ́fẹ́ kù sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn fúnra rẹ̀. Ìṣìnà ẹnìkan ti di ọ̀nà fún ẹlòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan mọ́. Orí ẹyọ kọkànlélógún ló máa ti bẹ̀rẹ̀, á sì ní àkókò láti lọ síbi tí ẹni ìṣáájú kò dé.

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ní University of the Arts London, yunifásítì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́fà wà lábẹ́ rẹ̀, títí kan Central Saint Martins àti London College of Fashion. Lọ́dún 2010, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní ALTO, lábẹ́ UKOER, ètò ohun èlò ẹ̀kọ́ tó ṣí sílẹ̀ tí wọ́n fi owó ìlú ṣe láàárín ọdún 2009 sí 2012. DIAL ló tẹ̀ lé e láti 2011 sí 2013. Tiẹ̀ ni pé kí ọwọ́ àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ lára irinṣẹ́ dígítà, kí ẹ̀rù rẹ̀ má bà wọ́n mọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni process.arts, ìkànnì kan níbi tí olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ti ń fi bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́ hàn nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ ohun tó ń ṣe: ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà di iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣí.

Ẹ kíyè sí i pé mo dárúkọ òṣìṣẹ́. Àwọn tó ń bójú tó yàrá iṣẹ́, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná ìsunmọ̀, tó mọ ìdí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan fi ń ya apá òsì, àwọn ni ìmọ̀ tó ṣòro jù láti rí nínú ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yunifásítì ń pe ìpàdé lórí ẹ̀kọ́ tó ṣí sílẹ̀, tí wọn kì í pè wọ́n sí i. Àṣìṣe ńlá ni. Ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀yìn tì, ilé ìkàwé kan ló ń bá a jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí fóònù lè ṣe nínú yàrá iṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹni kan ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán sórí aṣọ láti inú férémù tí wọ́n na aṣọ alásẹ́ mọ́. Ó da yíǹkì sí òkè, ó mú pátákó tí wọ́n fi rọ́bà sí létí, ó sì fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìdínlógún rọ̀gbà yí tábìlì ká. Àwọn mẹ́rin tó wà níwájú rí i. Àwọn yòókù rí èjìká ẹni tó wà níwájú wọn. Ohun tí wọn kò rí ni pé pátákó náà kò dúró ṣánṣán. Ó tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, títẹ̀ yẹn ló sì ń sọ iye yíǹkì tó máa gba inú asẹ́ kọjá. Wọn ò rí i pẹ̀lú pé férémù kò fara kan aṣọ tán, àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn, tí asẹ́ fi ń gbéra kúrò lára aṣọ bí ọwọ́ bá ti kọjá. Láìsí àlàfo yẹn, àwòrán á rú.

Fóònù kan tí wọ́n gbé kọ́ sókè tábìlì lè fi gbogbo èyí hàn láàárín ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè dá a dúró níbi tí pátákó ti tẹ̀, kó wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá lóru ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa á bá wọn lọ, ẹni tí èdè olùkọ́ kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ náà á bá wọn lọ. Bí wọ́n bá sì fi àṣẹ sí i lára, olùkọ́ ní ibòmíràn lè gé ibi tó fẹ́, kó fi ohùn tirẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Ohun tí fídíò kò lè ṣe ni pé kó sọ bí ọwọ́ ṣe ń tẹ̀ mọ́ ọn tó. Ara ló ń kọ́ ara nìyẹn. Nígbà tí àrùn COVID-19 ti àwọn yàrá iṣẹ́ pa lọ́dún 2020, ohun tó hàn sí gbogbo èèyàn ni pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà lè wà láàyè lórí kọ̀ǹpútà fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀, irin àti igi kì í gba inú ojú kọ̀ǹpútà kọjá. Bí a kò bá rí àdán, a máa ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Nígbà tí àdán bá ti padà dé, kò yẹ ká máa fi òòbẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀kọ́ dígítà fún yín gẹ́gẹ́ bí ohun tó máa dín àyè yàrá iṣẹ́ kù, ẹ má gbà fún un. Ipò rẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí wákàtí díẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ní níwájú ẹ̀rọ tẹ̀wọ̀n sí i, torí ó ti wo ohun tó yẹ kó wò kó tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sọ́fítíwìà náà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ohun tó mọ̀ wà nínú ètò tí yunifásítì ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún máa ń kàgbákò lọ́jọ́ tó bá gboyè: àwọn fáìlì rẹ̀ wà lọ́wọ́, irinṣẹ́ tó máa fi ṣí wọn ti lọ. Èyí ló mú kí Blender, sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ kan, wúlò tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe àwòrán alágbèéká. Láti ọdún 2002 ni kóòdù rẹ̀ ti ṣí fún gbogbo ayé. Lọ́dún 2006, àwọn tó ń ṣe é parí fíìmù kékeré kan, wọn kò gbé fíìmù yẹn nìkan síta: wọ́n gbé àwọn fáìlì tí wọ́n fi ṣe é jáde pẹ̀lú, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tú u palẹ̀, kó rí bí wọ́n ṣe kan eegun sí ara àwòrán. Ogún àwẹ́ amọ̀ náà tún nìyẹn, ní àwọ̀ mìíràn.

Ṣé wọn ò ní jí iṣẹ́ mi?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ìbéèrè yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tọ́ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi ojú kéré ẹni tó ń bi í.

Ṣíṣí kò túmọ̀ sí pé ẹ ti sọ ẹ̀tọ́ yín nù. Ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ṣì jẹ́ tiyín. Ẹ kàn ń sọ fún ayé ohun tí wọ́n lè ṣe láìbi yín ni. Ìwé àṣẹ mẹ́fà ni Creative Commons ní, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi hun gbogbo wọn. Àkọ́kọ́, BY, ń sọ pé: dárúkọ mi. Ó wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. SA ń sọ pé: bí o bá tún un ṣe, àṣẹ tí mo fún ọ ni kí ìwọ náà fún ẹlòmíràn. NC ń sọ pé: má fi pawó. ND ń sọ pé: má yí i padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ya fọ́tò àwẹ́ amọ̀ rẹ̀ lè yan BY àti NC, kí olùkọ́ èyíkéyìí fi kọ́ni, kí ilé iṣẹ́ tó ń ta káàdì má sì lè tẹ̀ ẹ́ tà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. ND ni mo máa ń rọ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n rò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó lò, torí ohun èlò tí ẹnikẹ́ni kò lè túmọ̀ sí èdè tirẹ̀ tàbí gé kúrú, ojú fèrèsé ló ṣí, ilẹ̀kùn kò ṣí.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì: àṣẹ yìí kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti gbà á. Ẹ lè ṣíwọ́ pípín in, ṣùgbọ́n ẹni tó mú ẹ̀dà rẹ̀ lánàá lè máa lò ó lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ tà, tàbí èyí tó ṣì ń rò lọ́kàn, kò sí dandan pé kó ṣí i. Kó ṣí ọ̀nà tó gbà ṣe é, kó sì di iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ mú.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹ̀tọ́ àdàkọ kò fìgbà kan dáàbò bo ọgbọ́n iṣẹ́. Ohun tí èèyàn ṣe ló ń dáàbò bò: ìkọ̀wé náà, fọ́tò náà, àwòrán náà. Bí wọ́n ṣe ń po bàbà mọ́ eérú kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọ̀nà iṣẹ́ pamọ́ nítorí ẹ̀tọ́ àdàkọ ń ti ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Ní ti ẹ̀rọ ìmọ̀ àtọwọ́dá tó ń kó àwòrán àwọn èèyàn jẹ, ilé ẹjọ́ ṣì ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, ìbẹ̀rù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀ kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù ọmọdé. Ìdí kan nìyẹn tó fi yẹ kí yíyàn wà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ yunifásítì.

Ṣíṣí sì lè mú èrè wá fún ẹni tó ṣí. Jonathan Worth, ayàwòrán kan, ṣí kíláàsì fọ́tò rẹ̀ ní Coventry University sórí ayélujára. Phonar ni wọ́n ń pè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ jókòó nínú yàrá, ẹnikẹ́ni níbikíbi sì lè máa bá wọn lọ, kó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí àwọn tó wà nínú yàrá sanwó fún ṣì wà lọ́wọ́ wọn: olùkọ́ tó mọ orúkọ wọn, àkókò rẹ̀, àti oyè. Ohun tó kún un ni pé àwọn ayàwòrán tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń rí ohun tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó jáde.

Ta ló ni ín?

Ibi tí òfin ti le jù nìyí, màá sì fi ti Ìlú Ọba ṣàpẹẹrẹ torí òun ni mo ti ń dárúkọ àwọn yunifásítì rẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn ti ọdún 1988, ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ló ni ín, àfi tí wọ́n bá jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́, nítorí náà òun ló sábà máa ń ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tó fẹ́ fi àṣẹ Creative Commons sí fídíò tó fi kọ́ni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá yunifásítì gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fi ju ọ̀rọ̀ ìwúrí lọ. University of Edinburgh, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọnà ìlú náà ti di apá kan rẹ̀ láti ọdún 2011, ṣe irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016, ó sì gbé àwọn tó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ tì í. Olùkọ́ tó mọ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́yìn òun kò ní máa fi ìbẹ̀rù ṣe é.

Àwòrán ẹlòmíràn tó wà nínú ẹ̀kọ́ tún jẹ́ wàhálà kan. Olùkọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà lè fi ogójì àwòrán hàn láàárín wákàtí kan. Òfin gbà á láàyè láti lo iṣẹ́ ẹlòmíràn níwọ̀nba, láìṣojúṣàájú, láti fi ṣàlàyé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ààyè yẹn kò túmọ̀ sí pé kó gbé e síta fún gbogbo ayé kó sì fi àṣẹ tirẹ̀ lé e lórí. Níbẹ̀, ẹ̀tọ́ náà ń wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe iṣẹ́. Van Gogh kú lọ́dún 1890, tirẹ̀ ti tán tipẹ́. Picasso kú lọ́dún 1973, tirẹ̀ ṣì wà títí ọdún 2043 á fi parí.

Ohun tó dín ẹrù yìí kù ni pé àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ti ń ṣí àkójọ wọn. Rijksmuseum ní Amsterdam gbé Rijksstudio, ìkànnì àwòrán rẹ̀, kalẹ̀ lọ́dún 2012. Metropolitan Museum ní New York tú nǹkan bí 375,000 àwòrán sílẹ̀ lọ́dún 2017, Smithsonian sì tú mílíọ̀nù 2.8 sílẹ̀ lọ́dún 2020, láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó bá lò wọ́n. Olùkọ́ tó bá fi ọ̀sán ọjọ́ kan pààrọ̀ àwọn àwòrán tí kò mọ orísun wọn fún irú ìwọ̀nyí, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ṣeé gbé síta.

Ibi tí ilẹ̀kùn yẹ kó tì

Ìjókòó tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, tí olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí i, ni mi ò fara mọ́ kí wọ́n gbé síta lásán. Ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù ló ń wáyé níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ohùn ti ń gbọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ pé "mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe" láìsí pé agbanisíṣẹ́ máa gbọ́ ọ lọ́dún márùn-ún sígbà náà. Àṣẹ Creative Commons kò sì kan ojú àti ohùn èèyàn: ìyọ̀ǹda ẹni náà fúnra rẹ̀ la nílò, ẹni tó bá sì sọ pé òun kò fẹ́, kò gbọdọ̀ pàdánù máàkì kankan. Ohun tó ṣeé ṣí níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́yìn ìjókòó náà: ohun tí wọ́n sọ, ohun tó gbà, ohun tó kọ̀, àti ohun tó tún ṣe.

Kí ló wá ń mú kí àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀? Ìpàdé kọ́ rárá. Wákàtí tí wọ́n kọ sínú iye iṣẹ́ wọn ni, àti kí ìgbéga nípò máa ka fídíò tí àwọn èèyàn ń lò níbòmíràn sí iṣẹ́. Èyí tó ń kọ́ wọn gan-an sì ni ẹlẹgbẹ́ kan nínú ẹ̀ka wọn tó ti ṣe é rí, tó lè jókòó tì wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹlòmíràn á fi fọ́tò bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn á fi ìwé ìṣirò àwọ̀, ẹlòmíràn á fi ohùn lásán.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó mú nǹkan kan ṣoṣo, tí yunifásítì rẹ̀ bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Kó kọ ìlà mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀: àkọlé, orúkọ ẹni tó ṣe é, ibi tí ó wà, àti àṣẹ tó fi sílẹ̀. Lábẹ́ fọ́tò ogún àwẹ́ amọ̀ wa, á kà báyìí: "Bàbà nínú iná tí a dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, àyẹ̀wò 1 sí 20." Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà líǹkì, lẹ́yìn náà CC BY-NC 4.0, ìyẹn àṣẹ BY àti NC ti Creative Commons. Ẹni tó bá ṣe ẹyọ kọkànlélógún á mọ orúkọ ẹni tó máa kọ sábẹ́ tirẹ̀.